Mánéjà Tó Kúnlẹ̀ Fún Mi

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará! Ẹ kígbe ògo, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí mo mọ ara mi. Ògo! Ẹ tún un wí, ògo!

Èmi ni Arábìnrin Bọ́láńlé, ará Ìbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi mú, ọwọ́ mi sì yá. Ọwọ́ yìí gan-an ló fẹ́ kó bá wa.

Láwọn ọdún tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Èkó, ilé-iṣẹ́ kan ní Okokomaiko ní ẹgbẹ́ họ́kì obìnrin. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ni họ́kì. Èmi ni balógun. Torí họ́kì yẹn ni wọ́n ṣe gba gbogbo wa síṣẹ́. Àmọ́ à ń pàdánù ṣáá! Wọ́n nà wá ní Ọ̀jọ́, wọ́n nà wá ní Bàdágìrì, wọ́n nà wá nínú ọgbà tiwa. Ọ̀gá tó ń rí sí òṣìṣẹ́ pè wá, ó ní, "Tẹ́ ẹ bá tún pàdánù ìdíje Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, kí kálukú yín máa lọ sílé." Háà! Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, ọkọ mi ò sì níṣẹ́ nígbà yẹn.

Ìgbà náà ni wọ́n mú mánéjà àgbà tuntun wá fún ẹgbẹ́ wa. Màmá Adéọtí ni, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjànikín. Mo wò wọ́n tòkè-tilẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìyá yìí ló máa gbà wá?" Wọn ò fọwọ́ kan igi họ́kì rí láyé wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń wo bá a ṣe ń gbá a. Lẹ́yìn náà wọ́n pè wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí ohun tó ń pa yín. Àpọ́nlé ni."



Wọ́n nawọ́ sí Sìkírá, àbúrò gbogbo wa, tí bàbá ẹ̀ ń ta àgbò ní Alaba Rago. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí rí àyè, ó fẹ́ kí Bọ́láńlé gbé bọ́ọ̀lù fún òun. Kó tó ní 'Àǹtí Bọ́láńlé, ẹ dákun mà,' bọ́ọ̀lù ti lọ. Ó rẹ Bọ́láńlé, gbogbo yín rí i, kò sẹ́ni tó lè ní kó jáde wá sinmi, torí òun làgbà. Láti òní lọ, kò sí àǹtí nínú pápá. Orúkọ ni. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ padà sí kíkúnlẹ̀ yín."

Nínú eré àkọ́kọ́ tá a gbá lábẹ́ wọn, Sìkírá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pariwo, "Bọ́láńlé! Gbé e wá jàre!" Ọlọ́run mi! Níwájú ọkọ mi! Níwájú àwọn ará Ìbà tó wá wòran! Kí n tó mọ̀, mo ti ju igi sílẹ̀, mo ti fọ́ ọmọ ọlọ́mọ létí. Rẹfirí yọ káàdì pupa fún mi. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n fi nà wá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gba ipò balógun lọ́wọ́ mi, wọ́n fi Sìkírá sí àyè mi láàárín pápá. Mo ní mi ò ṣe mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ fi igi họ́kì wọn dáná.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Màmá wá sílé mi. Wọ́n ní, "Bọ́láńlé, kò sẹ́ni tó mọ àárín pápá bíi tìẹ. Ọmọ yẹn ò tíì mọ̀ ọ́n. Wá kọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ kọ́ ọ fúnra yín, mà."

Ẹ̀yin ará, ìyá yẹn kúnlẹ̀. Ìyá tó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí! Lórí sìmẹ́ǹtì, níṣojú àwọn ọmọ mi! Wọ́n ní, "Nítorí iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n túká."

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí n wólẹ̀, kí n gbé wọn dìde. Mi ò ṣe é. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí gúlegúle níta. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ara wọn gbé dìde.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé o mọ ohun tó o ṣe?"

Ọjọ́ Ajé, mo padà sí pápá. Mi ò lè wo Màmá lójú. Mo bẹ Sìkírá, ó ní, "Ó ti tán, Àǹtí." Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, títí dórí ọgbọ́n tí mo ń fi pa mọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní màá bẹ̀ wọ́n tó bá yá. Ojú ló ń tì mí.

Ọjọ́ ìdíje pé. Sìkírá ló wà ní àyè mi, èmi jókòó síta, mo di omi mímu àwọn ọmọ mú. Orúkọ ń dún nínú pápá! "Ṣadé!" "Ngozi, gbé e wá!" Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ dákun. Sìkírá ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Góòlù kan sódo! A borí! Ọ̀gá òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá, ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé mọ́." Ẹ yin Olúwa! Inú mi dùn, ọkàn mi sì bà jẹ́, torí ẹsẹ̀ mi ò sí nínú ẹ̀.

Mo wá Màmá, kí n bẹ̀ wọ́n lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn sọ fún mi pé àyà ló ń dun Màmá láàárín eré, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo gun ọ̀kadà. Dókítà ní, "Ó ti pẹ́ tá a ti ní kí wọ́n máa sinmi. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò tíì borí. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wọ́n ti lọ."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Olúwa, mo dúpẹ́. O gba iṣẹ́ wa là, O gba èmi náà lọ́wọ́ ìgbéraga. Mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ló ń bá a rìn. Ìwọ tí wọ́n fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́, má bọ́hùn. Olùrànlọ́wọ́ ẹ lè jẹ́ ẹni tó o fojú di. Ìwọ tó o sì ní ẹni tó yẹ kó o bẹ̀, má dúró de ìparí ìsìn. Dìde báyìí, Ọlọ́run ò ní bínú. Tó o bá débẹ̀, tó o bá a láàyè, bá mi dúpẹ́.