Ilé Tí A Wọ̀ Láìkágò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, wọ́n ti pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n fi ìran yìí sínú. N ò fi í sínú! Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ajẹ́ntì ilé ni mí. Ilé Màmá Àbẹ̀kẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà, èmi ni mò ń mú èèyàn lọ wò ó. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kì í kágò. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kó èèyàn mẹ́rin já lu Màmá níbi tó ti ń fi omi gbóná nu ara, ìró rẹ̀ wà lórí àga. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àgò ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ má bínú Màmá, a ti ń lọ.” A ò lọ o. A ṣì ń ka wíńdò.

Lọ́sàn-án àná, mo gbàdúrà tán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Aláṣọ funfun kan tó di olùdarí mi fà mí lọ́wọ́ dé ọ̀run àpáàdì. Ajẹ́ntì kan ń lá ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbẹ. Olùdarí mi ní, “Ó máa ń purọ́ fáwọn tó fẹ́ ra ilé pé omi ń yọ.” Lẹ́yìn náà mo rí obìnrin kan ní yàrá tí kò nílẹ̀kùn, èrò ń wọlé tàwọn ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n ń ṣí ìkòkò rẹ̀, wọ́n ń tẹ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ń bú ilé lójú rẹ̀, ó ń wá aṣọ bora, wọ́n tún ń wọlé, wọ́n tún ń wọlé! “Obìnrin yìí kò kágò rí kó tó wọlé onílé,” ni olùdarí mi wí. Yàrá tó kàn ṣófo. Orúkọ mi ló wà lára ògiri rẹ̀. Yéè!

A gòkè lọ síbi ìsinmi. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, olùdarí mi bọ́ bàtà, ó ní, “Àgò onílé o!” Ó dúró. Mo ní, “Ẹ̀yin náà? Ẹ kúkú ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.” Arúgbó kan dáhùn nínú ilé pé, “Àgò yà o,” ìgbà yẹn ló tó wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé mọ́ mi níta. Mo fẹ́ kágò, ohùn mi ò jáde. Ẹkún ni mo fi jí.

Bàbá Alàgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé náà, ẹ wà lára àwọn mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ní tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó wá ajẹ́ntì míì. Ẹ lọ wá a! Bó bá jẹ́ èmi, àdéhùn wa láti tún wo ilé náà ní aago mẹ́rin òní kò yẹ̀: a ó bọ́ bàtà, a ó kágò, a ó dúró síta títí Màmá yóò fi dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ilé la ó padà sí. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti dá a padà fún Màmá láàárọ̀ yìí.