Èmi Ni Mo Ha Àmì Ìdí Ife Bàbá Túndé

Gabriel Adébáyọ̀ Àkànjí, Òpó, ọmọ Òpómúléró, ọmọ Ìwátà, ọkọ Àṣàkẹ́, bàbá Túndé àti Bísí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í fi èrò sílẹ̀ nínú òjò. Ọkọ mi nìyẹn. Ó ti kú. Èmi Àṣàkẹ́ ni mò ń kọ ìwé yìí, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ohun kan wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fi ẹnu mi sọ ọ́ fún Ọlọ́run pàápàá, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé Ó rí mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn ọmọ ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àrùn ìgbàgbé ṣe bàbá wọn kó tó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbà pé kò pé.

Nígbà tí Àkànjí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, jíjókòó sílé kò bá a lára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife jọ. Kì í ṣe ife tíì lásán o. Tíkì ni wọ́n ń pè é. Ife amọ̀ gíga ni, tí wọ́n ṣe ojú sí lára, ojú ńlá, ẹnu ńlá, eyín níta. Ó ní àwọn ilé ọtí ní Amẹ́ríkà ló ń fi í gbé ọtí fún èèyàn láyé àtijọ́, pé ère àwọn ará erékùṣù kan tó jìnnà réré lójú òkun ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn ṣọ̀wọ́n. Àwọn òyìnbó ń wá wọn bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Denis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ló mú un wọnú rẹ̀. Denis yìí, lẹ́tà ló ń pín ní Plumstead, ní London níbí, kí òun náà tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Àkànjí pé tó bá rí ife, kó kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ sókè, torí pé ìdí ni ẹni tó ṣe é máa ń fi àmì sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọpasẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ya ojú náà. Wọn á jókòó sí pálọ̀ wa ní Thamesmead, wọn á máa fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ìdí ife, bí dókítà tó ń wo ọ̀fun ọmọdé. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Àkànjí ti Nathan Way dé, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Pauline ti ń ta ẹrù ilé àwọn tó ti kú. Ó tú ife kan jáde nínú bébà. Mo wo ojú ife náà, mo sún sẹ́yìn. Ó kọ ìlà. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bíi ti bàbá mi Láṣebìkan gẹ́lẹ́.

Àkànjí ń jó kiri. "Àṣàkẹ́, ṣé o rí ohun tí mo rí? Ará erékùṣù wo ló ń kọ àbàjà? Ọmọ wa kan ló ya èyí!"

Mo ní, "Bàbá Túndé, ẹ gbé e jìnnà sí mi."

"Ife ni o! Bàbá rẹ kọ́ ló wá wò ọ́."

Ó yí i sókè. Wọ́n fín ẹja kékeré kan sí ìdí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà méjì, I àti A. Ó ní nígbà tóun kọ́kọ́ dé ìlú yìí, òun gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti wà níbí ṣáájú òun pé àwọn ọmọ wa kan tó wá kàwé ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò àti ife. Ó ní bóyá Ìṣọ̀lá ni I yẹn, bóyá Ìyìọlá ni. Denis ń kọ ìwé kan nípa àwọn ife wọ̀nyí àti àwọn tó ya wọ́n. Àkànjí fẹ́ kí orúkọ onítọ̀hún wọ inú rẹ̀, torí kò sí orúkọ ọmọ wa kankan níbẹ̀.

Ó pe Denis. Denis ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù Àkànjí, oní-bọ́tìnnì ni, kò lè ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀. Ó fi bírò ya àmì náà sínú bébà, ó sì gbé ife náà sórí ṣẹ́ẹ̀fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí. Lọ́dún yẹn, oyún ti bàjẹ́ lára Bísí lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Sister Abọ́sẹ̀dé, nọ́ọ̀sì kan láti ìjọ wa, wá bá mi gbàdúrà. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi rí ife yẹn.

"Mummy, ta nìyí?"

"Ife Daddy ni."

"Ife tó kọ ìlà? Ẹ wò ó o. Mo sún sọ́tùn-ún, ó ń wò mí. Mo sún sósì, ó ń wò mí. Kí ló wà nídìí ẹ̀?"

Mo yí i hàn án. Ó pariwo Jésù. Ó ní májẹ̀mú ni ẹja àti lẹ́tà yẹn, pé ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí ni agbára rẹ̀ wà, pé ojú ẹnì kan nínú ìdílé mi ni, òun ló sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ Bísí. Ó ní kí n fọ́ ọ.

Mi ò lè fọ́ ọ. Mo ti rí bí ọkọ mi ṣe ń yọ̀. Mo wá rò ó pé tí mo bá ha àmì yẹn kúrò, májẹ̀mú ti tán, ife á sì wà fún Àkànjí. Ọgbọ́n ni mo pè é nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Àkànjí wa mọ́tò rẹ̀ lọ ra oúnjẹ ní Thamesmead Town Centre. Mo mú òkúta tí mo fi ń ha gìgísẹ̀. Mo dúró nídìí síńkì, mò ń ha ìdí ife náà, mò ń gbàdúrà. Ìdí rẹ̀ kò dán bí ara rẹ̀, amọ̀ lásán ni, kò le. Ẹja lọ. A náà lọ. I ló pẹ́ jù. Nígbà tí mo ṣe tán, ibẹ̀ funfun, ó yàtọ̀. Mo wá mú àpò tíì tí mo ti lò, mo fi ń pa á títí àwọ̀ rẹ̀ fi padà bíi ti àtijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tíì yẹn ló ń dà mí láàmú jù. Tó bá jẹ́ àdúrà nìkan ni mò ń gbà, kí ni mò ń fi tíì ṣe?

Denis dé lọ́jọ́ Sátidé. Àkànjí gbé ife náà fún un tọwọ́-tọwọ́. Denis yí i sókè, ó gbé gíláàsì lé e.

"Gabriel, kò sí nǹkan níbí."

Àkànjí gbà á. Ó wò ó. Ó fi ìka pa á. Ó wá yíjú sí mi. "Àṣàkẹ́, ìwọ náà rí i. Ẹja wà níbí, àbí kò sí?"

Mo ní, "Mi ò wò ó dáadáa."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré.

Denis gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ó ní bóyá ara ife mìíràn ló ti rí i. Àkànjí mú bébà tó ya àmì náà sí jáde, ó nà án sí Denis. Denis ò pè é ní òpùrọ́. Àánú ló fi wò ó, ìyẹn ló sì dun Àkànjí jù.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti jí, á yí gbogbo ife rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wá ẹja. Tí Bísí bá pè, á bi í bóyá ó rí ẹja nídìí ife kankan. Ilé àwọn arúgbó ni Bísí ti ń ṣiṣẹ́ kéà, ó ń tọ́jú wọn. Ó ti rí irú ẹ̀ rí. Ó ní, "Mummy, Daddy ti ń gbàgbé nǹkan o. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò."

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà. Wọ́n ní kó ya aago, ó yà á. Wọ́n ní kó ka nǹkan sẹ́yìn, ó kà á. Wọ́n ní kò tíì sí nǹkan tó le, ká ṣáà máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bísí gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń sunkún bó ṣe ń gbà á. Túndé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bá a sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń bá àlejò tí kò gbédè sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Mo mọ òótọ́, mi ò sọ ọ́ jáde.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Bísí bí Ìfẹ́olúwa. Sister Abọ́sẹ̀dé ní, "Mummy, ẹ ò rí nǹkan? Ẹ wá jẹ́rìí!" Mi ò lè jẹ́rìí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Àkànjí kó gbogbo ife rẹ̀ sínú páálí. Ó ní ẹni tí kò lè gbára lé ojú ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tọpasẹ̀ nǹkan. Kò pe Denis mọ́. Birchmere Park ló máa ń lọ jókòó sí, á máa wo omi. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí kò lè dìde mọ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Àṣàkẹ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹja yẹn wà níbẹ̀? Mi ò ní bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé ni."

Mo ní, "Bàbá Túndé, ẹ sinmi."

Kò tún bi mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Denis pe fóònù ilé, ó ń sunkún. Ó ní obìnrin kan ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò ife kan ránṣẹ́ sóun. Ojú kan náà, àbàjà kan náà, ẹja nídìí rẹ̀ pẹ̀lú I àti A. Ó bá ohun tí Àkànjí yà sínú bébà mu. Ó ní òun fẹ́ dìde níbi ìsìnkú, kí òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun lójú gbogbo èèyàn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ti Gabriel kò fi ní àmì?"

Mo ní oúnjẹ mi wà lórí iná, mo gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí oúnjẹ lórí iná.

Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ pé ó pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ dáa. Bísí ni mò ń rò. Tí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ á gba orúkọ rere rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n òun náà á mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ pé lòun gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ń bẹ̀rù pé tó bá mọ ìdí tí mo fi ha á, á rò pé nítorí òun àti ọmọ òun ni wọ́n fi dójú ti bàbá òun títí ó fi kú. Túndé ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo mọ ọmọ tí mo bí. Tí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ àrùn ìgbàgbé yẹn jáde lójú gbogbo èèyàn, Àkànjí á sì gbé ìtìjú tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó kí Denis tó dé? Àbí Bísí nìkan ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Kí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ni a ó sin Àkànjí ní Woolwich.