Mo Jẹ́ Kí Ọkọ Mi Gbà Pé Òun Ló Ba Ọkọ̀ Rẹ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí tẹ́ ẹ máa fi kà á dé ìsàlẹ̀. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí kì í jẹ́ kí n lè gbàdúrà dáadáa. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ku àwọn kan tí wọn ò tíì mọ̀, wọ́n sì ti ń múra nǹkan kan tí mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ilare ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ará Ìlá ni ọkọ mi, iṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì ló gbé e wá, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òkè-Ògbó la kọ́lé sí. Ọmọ méjì la bí: Dárà tó wà n'Ìbàdàn, àti Túnjí àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ábújá.

Ọkọ mi ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ ewé. Ó ti pẹ́ gan-an. Inú rẹ̀ la ti gbé Túnjí wálé láti ọsibítù nígbà tí mo bí i. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pààrọ̀ tiwọn, òun ò pààrọ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, fúnra rẹ̀ ló ń yẹ omi àti ọ́ìlì rẹ̀ wò láràárọ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á. Bí mo bá ní kó kọ́ mi, á ní, "Ìyá Dárà, ibo lo fẹ́ lọ tí mi ò ní gbé ọ dé?"

Ó máa ń dùn mí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà ní bòókẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe tíṣà. Mo rò pé lọ́jọ́ kan, màá kàn jókòó sídìí sítíárìn, ẹnu á sì yà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ń bọ̀ láti ìpàdé ìjọ nínú òjò ńlá. Òjò yẹn pa á nígbà tó sọ̀kalẹ̀ wá ṣí géètì. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, òtútù ti mú un, kò lè jáde síta. Ó lo oògùn, ó sì sùn lọ lọ́sàn-án. Mo mú kọ́kọ́rọ́.

Mo wà á lọ sí Ilare, mo lọ kí àbúrò mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Nígbà tí mò ń bọ̀, ọlọ́kadà kan já síwájú mi. Mo yà fún un, mo sì lọ kọlu òpó kọnkéré kan lẹ́bàá títì. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fẹ́ńdà apá ọ̀tún ti ká wọnú, iná iwájú fọ́, omi sì ń jò lára rédíétọ̀. Mo rọra wà á délé. Ọkọ mi ṣì ń sùn. Mo gbé e síbi tó máa ń wà, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń gbóná, mo ní ó di àárọ̀.

Láàárọ̀ ó jáde lọ yẹ omi ọkọ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ tó ké. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ibi tó ti wó.

"Ìyá Dárà, àfi tó bá jẹ́ ìjẹta, nínú òjò yẹn. Mo mọ̀ pé mo bọ́ sí kòtò kan. Àbí mo kọlu nǹkan ni, tí mi ò mọ̀?"

Ó gbójú sókè wò mí. Mo lanu. Ohun tó jáde ni: "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló hun irọ́ náà, èmi ni mo fi bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Bí Dárà ṣe gbọ́, ó wá láti Ìbàdàn. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dáa fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyẹn ló wá burú jù. Dárà pè mí sí yàrá, ó ní, "Mọ́mì, tí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé ọpọlọ ni. Ẹni tó kọlu nǹkan tí kò rántí!" Ó ní kí ọkọ̀ má jáde mọ́. Èmi náà ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ pé kí n máa ṣọ́ ọ. Èmi!

Láti ìgbà náà làwọn ọmọ ti ń dán an wò lórí fóònù. "Dádì, ọjọ́ wo la wà lónìí? Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Á dáhùn. Nígbà tó yá, kó tó dáhùn, á kọ́kọ́ wo ojú mi. Ọkùnrin tó máa ń ka Bíbélì sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, ó lọ bá àlùfáà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn, kí òun má lọ fo ẹsẹ kan láìmọ̀. Kì í dá jáde mọ́. Ọkọ̀ wà lábẹ́ tapólì, adìyẹ ń lọ yé sábẹ́ rẹ̀.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, màá rántí pé wọ́n á bi mí pé níbo ni mo wà látọjọ́ yìí. Ìtìjú dè mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ọdún kan lọ, tòmíràn dé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn tó ń ra irin àlòkù wá sílé wa. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ló pè wọ́n. Mo bá a nínú ọkọ̀, ó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde: agboòrùn, fìlà kan, aṣọ tó fi ń nu gíláàsì. Nígbà tó kó wọn tán, kò sọ̀kalẹ̀. Ó di sítíárìn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó dijú.

Mo sáré lọ bá àwọn ọkùnrin yẹn. "Ẹ má bínú, a ò tà á mọ́."

Ọkọ mi ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe? Ta ló máa wà á?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ ká tún un ṣe ná."

Mo pe Jẹ́lílì, mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe fún wa láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Fẹ́ńdà yẹn ò ṣeé nà mọ́. Wọ́n wá òmíràn lára ọkọ̀ tó ti kú, àwọ̀ funfun nìyẹn. Wọ́n fi iná lẹ ibi tó ń jò lára rédíétọ̀. Eku ti jẹ wáyà, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ti gan. Ọkọ mi kọ́kọ́ jókòó sí pálọ̀, kò yọjú. Nígbà tó yá, ó wá dúró sójú wíńdò. Nígbà tí wọ́n wá ṣíná sí i, tó ń wúkọ́ bí arúgbó, ló jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Jẹ́lílì, má tẹ̀ ẹ́ báyẹn! Atẹ́gùn tó ń fà ti pọ̀ jù. Wo ìdí kabúrétọ̀!"

Jẹ́lílì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè jáde? Ẹ̀yin lẹ mọ àìsàn rẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n jọ ń ṣe é ni. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi látinú ilé ìdáná, mo sì fi ìborùn nu ojú mi.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Jẹ́lílì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọkọ mi fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Rárá. Fún Ìyá Dárà kó tọ́jú ẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀, níṣojú Jẹ́lílì. Mo ní, "Bàbá Dárà, ẹ ò kọlu nǹkan kan. Èmi ni. Èmi ni mo wà á lọ sí Ilare lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lo oògùn, mo sì lọ kọlu òpó. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

Jẹ́lílì rọra kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi bi mí pé, "Ìyẹn ni pé orí mi pé?"

Mo ní, "Orí yín pé."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó bínú sí mi, mi ò ní parọ́. Ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ ju "o ṣé" lọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó láàárín ìjọ, àfi bí mo ṣe rí i tó dìde lọ síbi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì. Ó kà á láìfo nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni mò ń sun.

Nígbà tá a jáde, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi, níbi ìdí sítíárìn. "Wọlé. Jẹ́ n wo nǹkan tí wọ́n kọ́ ẹ."

Mo wọlé, mo ṣíná sí ọkọ̀. Ó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Kílọ́ọ̀ṣì! Rọra! Òpó nìyẹn o, Ìyá Dárà, ẹ ti jọ pàdé rí!" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú títì. Òun ló wà á délé.

Ohun tó kù rèé. Àwọn ọmọ wa ò tíì mọ̀. Dárà ní òun ń bọ̀ wá mú bàbá òun lọ sí Ìbàdàn kí òun lè máa ṣọ́ ọ. Ó ti kun yàrá sílẹ̀ dè é. Mo sọ fún ọkọ mi pé màá sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní, "Má sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fojú kéré ẹ. Màá ní mi ò lọ, ó parí."

Ó fẹ́ bò mí láṣìírí. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun ò lọ, wọ́n á ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Lánàá Túnjí tún bi í pé ọjọ́ wo la wà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn. Èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbọ́ràn sí ọkọ mi lẹ́nu, àbí kí n pe àwọn ọmọ mi jókòó? Ọkàn mi ti fẹ́ sọ ọ́. Ó dá mi lójú pé ilé wa ò ní tú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí ìyá ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ sọ?