Ìwé Tí Mo Ní Mo Ti Kà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹrù kan wà láyà mi tí mo ti ń gbé láti ọdún pípẹ́, mo sì rò pé màá gbé e dé sàréè láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò lè gbé e mọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní Ayete tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lọ, nítorí irọ́ kan tí mo pa fún ìyá náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí n kò ní dárúkọ. Ọgbọ́n ìwé kíkà ni mo ń kọ́ wọn: bí ènìyàn ṣe ń kàwé tí yóò fi yé e, tí yóò fi mọ èyí tó jẹ́ kókó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, tí kò fi ní gba gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé bá wí gbọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì fi í pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ní Èrúwà, tàbí tó fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọdún mélòó kan kí n fẹ̀yìn tì ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nǹkan funfun kan ń bo ẹyinjú mi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ayé wá rí lójú mi bí òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́, tí ènìyàn ń rí òjìji igi ṣùgbọ́n tí kò rí ewé rẹ̀. Mo lè rìn. Mo lè mọ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́tà inú ìwé ni n kò rí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì rí ojú ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ìjókòó iwájú ní kíláàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kó yé yín. Olùkọ́ ìwé kíkà ni mí, n kò sì lè kàwé. Ta ni mo fẹ́ sọ irú rẹ̀ fún?

Ìyàwó mi, Ìyá Délé, tí òun náà jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Òun ló ń ka ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí mi létí nílé. Èmi a pe máàkì, òun a kọ ọ́. Ó bẹ̀ mí títí. “Bàbá Délé, ẹ lọ fi ojú yìí han dókítà. Ṣé ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí ojú máa dùn láyé ni?” Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló pọ̀ jù.

Nígbà náà ni mo ṣe òfin kan. Tẹ́lẹ̀, òfin tí mo máa ń là sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju èyí tí olùkọ́ gbogbo ń ṣe lọ: kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n ti ka ojú ìwé tí a fẹ́ lò wá láti ilé, kí wọ́n má fi ìka tọ ìlà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wá fi òmíràn kún un. Mo ní ẹnikẹ́ni tí mo bá pè gbọ́dọ̀ dìde, kó kàwé sókè, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e nínú rẹ̀. Mo ní n kò ní gba bébà kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kò kà á nìyẹn. Ohùn ńlá ni mo fi ń sọ ọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rù òfin náà, wọ́n sì ń yìn ín. Mo máa ń gbọ́ wọn lọ́dẹ̀dẹ̀: “Bàbá yẹn kì í tiẹ̀ wo ìwé. Orí ni gbogbo ẹ̀ wà!” Inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì, pé ìwé kíkà tí wọ́n gbà mí láti kọ́ wọn kì í ṣe ti ẹnu. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lè kàwé sókè geere kó má yé e rárá. Mo mọ èyí, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé etí nìkan ló kù tí mo lè fi ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí màá pè ní Ràfíátù. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ayete ni, bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wọn tó kọjá girama. Akólòlò ni, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Mo pe orúkọ rẹ̀ pé kó kà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró. N kò gbọ́ síbẹ̀. Mo ní, “Ràfíátù, ṣé o ò ní dìde ni?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan níwájú ní, “Sà, ó ti dìde tipẹ́ o!”

Mo rò pé àṣírí ti tú, pé wọ́n ti mọ̀ pé n kò rí i. Mo fèsì kíákíá: “Mo mọ̀ pé ó ti dìde. Ẹnu rẹ̀ ni mo ní kó dìde.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń lu tábìlì. Àṣírí mi bò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, “Ẹnu-dìde” ni orúkọ ọmọ náà nínú ọgbà. “Ẹnu-dìde, ṣé o ti jẹun?” “Ẹnu-dìde, bá wa kọrin!” Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi wá sí ọ́fíìsì mi. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Ó gbé bébà kan síwájú mi, mo gbọ́ bó ṣe dún lórí tábìlì. Ó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà lórí àyọkà náà sínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí n rí i pé òun kà á, pé ó yé òun.

“Ẹ j… ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ kà á.” Ohun tó rí sọ nìyẹn.

Mo lè sọ fún un pé ojú ń dùn mí. Mo lè ní kó fi í sílẹ̀, kí n gbé e lọ fún Ìyá Délé. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé bébà náà sókè síwájú ojú mi. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mi orí. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń pẹ́ tí ènìyàn bá ń kàwé lóòótọ́. Funfun ni mo rí, àti òjìji ìlà dúdú. Mo sì dá a padà fún un.

Mo ní, “Mo ti kà á. Ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ, ọmọ mi. Tètè lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.”

Mo gbọ́ tó ń ká bébà náà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Kò padà sí kíláàsì mi mọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé kí ìdánwò tó dé. Mo sọ fún ara mi pé kò ní lè yege bákan náà. Mo ń sọ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òtítọ́ létí mi.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, Délé, àkọ́bí wa, fi ipá mú mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ sójú mi. Ojú náà là. Àkọlé ara páálí oògùn ni mo kọ́kọ́ kà, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ó yẹ kí n ti wá Ràfíátù lọ nígbà náà. N kò wá a.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan kú ní Ayete, mo sì lọ síbi àdúrà fídáù rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, Mùsùlùmí ni òun, ṣùgbọ́n a jọ dàgbà ni. Mo jókòó sábẹ́ ibòòji nígbà tí obìnrin kan wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo wo ojú rẹ̀. N kò rí i rí. Ó ya ẹnu láti kí mi.

“Ẹ k… ẹ k… ẹ káàsán, sà.”

Ibẹ̀ ni mo ti dá a mọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ lára rẹ̀.

Òwò ẹ̀gúsí ló ń ṣe báyìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Búṣírà. Ràfíátù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: ó ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yára bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí: “Ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́ fún mi, sà. Ẹlòmíì á máa wò mí níran kí n máa fi owó bàbá mi ṣòfò. Ẹ ka iṣẹ́ mi, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí.”

Ó ní Búṣírà ti rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n òun ti ní kó gbàgbé rẹ̀. “Ẹnu mi ló jogún, sà. Òfin yín sì ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́, kó tó wá mọ̀ pé ìwé ò sí nínú wa.”

Búṣírà kò dákẹ́. Ó ní, “Bà… Bàbá, ṣé ẹ ka gbogbo iṣẹ́ màámi lóòótọ́? K… kí ló burú níbẹ̀?”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ẹnu rẹ̀ kì í tètè ṣí, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣí, ó di alẹ́ kó tó padé.”

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí. Mo ní, “Ó ti pẹ́, ọmọ mi.” Mo sì ní kí wọ́n bá mi bu omi.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹun dáadáa. Mo lọ bá ọkùnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀, mo ní kó yọ òfin náà kúrò. Ó rẹ́rìn-ín. “Há, Bàbá! Òfin tó sọ wá dènìyàn?” N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, kò sì yọ ọ́.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Délé, ó wò mí lójú. Ó ní, “Ìtìjú tí ẹ sá fún nígbà yẹn náà lẹ tún ń sá fún báyìí. Ẹ wá fẹ́ kọ ọ́ fún àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí, kí ẹ tó sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.” Kò parọ́ mọ́ mi.

Ìforúkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò ní pẹ́ parí. Tó bá parí, Búṣírà yóò jókòó ti ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù kí Ràfíátù bú mi. Tó bá bú mi, ó tọ́ sí mi. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé tí mo bá sọ fún un pé n kò ka iṣẹ́ rẹ̀, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára. Ó ti gbà láti ọjọ́ náà pé kò dára. Èmi kò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n sọ fún un tó bá bi mí? Ṣé kí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àbí kí n bá òun nìkan sọ ọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, tí ẹ ń pè é ní Ẹnu-dìde, mo bẹ ẹ̀yin náà. Èmi ni mo fi orúkọ náà sí yín lẹ́nu.

N kò lè dúró de èsì yín: ọ̀la ni mo fẹ́ lọ sí Ayete. Ìyá Délé ní òun yóò bá mi lọ. Ó ti fọ aṣọ mi, ó sì ti nu awò ojú tí mo fi ń kàwé báyìí sílẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní kí n má gbàgbé rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí bébà náà ṣì wà lọ́wọ́ Ràfíátù.