Fíríìjì Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Ojú Omi Ọ̀tá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́jọ. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa tún ẹjọ́ ọkùnrin kan dá, ọkùnrin tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ fíríìjì ni mò ń ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Mò ń ta tòkunbọ̀, mo sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi. Nígbà tá a ṣì ń gbé ní Mushin, òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ní ilé ẹja yìnyín kan. Òun náà ló mú ọkùnrin kan wọ ibi iṣẹ́ yẹn, tó kọ́ ọ títí tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin náà ní Kúnlé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Nílé wa ló ti máa ń jẹun alẹ́, ìyá mi ló máa ń bu ẹran tó tóbi jù fún un.

Lópin ọ̀sẹ̀ kan, Kúnlé tú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, èyí tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ yìnyín náà, tà. Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó dé, gbogbo ẹja inú ilé náà ti jẹrà. Nígbà tí wọ́n ń wádìí, ó ní bàbá mi ló tú u. Ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Wọ́n so ẹja jíjẹrà mọ́ bàbá mi lọ́rùn, wọ́n sì mú un rìn káàkiri àdúgbò.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n mú un kọjá. Ó rí mi. Ó wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ sí mọ́sáláṣí mọ́. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Bàbá Ẹja. Kò pé ọdún méjì tó fi kú, Kúnlé ò sì yọjú síbi òkú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Gbogbo bí mo ṣe ń kírun láti ìgbà náà, àdúrà kan ni mò ń gbà, pé kí Ọlọ́run fi Kúnlé lé mi lọ́wọ́.

Àdúrà mi gbà lọ́dún tó kọjá. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ fíríìjì tó yín ládùúgbò yìí."

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti yọ, àmọ́ ohùn náà ò yí padà. Òun ò dá mi mọ̀. Ó ní òun ní ọkọ̀ ojú omi kan létí omi n'Ìddó, tó máa ń gbé àwọn èèyàn lọ ṣe fàájì lórí ọ̀sà lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní fíríìjì inú rẹ̀ ti kú, kí n bá òun yan òmíràn.

"Èmi náà mọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ yìnyín o," ó ní. "Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ẹja rí."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ ni, sà?"

"Bàbá kan wà níbẹ̀, àmọ́ olè ni. Èmi ni mo tú àṣírí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àga fún un. Mo fún un ní omi tútù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí ni ìwà ibi mi wà. Fíríìjì ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ti inú ilé. Kékeré ló yẹ kó jẹ́, èyí tó ń lo iná bátìrì tààrà, tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó sì máa ń pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá ti ń rẹ̀. Mo ní irú rẹ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n yọ ọ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù kan nílùú òyìnbó. Àfi bíi pé tìtorí ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo fi àpò ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀.

Mo wá mú Kúnlé lọ síwájú fíríìjì ilé kan, onílẹ̀kùn gíláàsì, tí iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀. Mo ní, "Èyí ló bá ọkọ̀ èèyàn ńlá mu, sà." Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ kékeré. Mi ò sọ fún un pé a máa nílò ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, àti pé bó ṣe máa mu iná, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀ ṣe ń mu omi ni.

Nígbà tí mo lọ gbé e sínú ọkọ̀ n'Ìddó, bàbá àgbàlagbà kan tó ń wa ọkọ̀ náà ló na ọwọ́ sí mi kí n má bàa já sómi. Bàbá Rísì ni wọ́n ń pè é. Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣíná ẹ́ńjìnnì, èkejì wà fún fíríìjì àti gílóòbù. Mo mọ èyí tó yẹ kí n so fíríìjì mọ́. Ti ẹ́ńjìnnì ni mo fi ìnfátà so ó mọ́.

Bàbá Rísì wo wáyà náà. "Ìyá mi, ṣé kì í ṣe bátìrì ẹ́ńjìnnì lẹ so ó mọ́ yẹn? Ṣé kò ní mu ún gbẹ?"

"Rárá, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́," ó ní. Ó dá àgbàdo sísun ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kúnlé ń du ipò alága àdúgbò wọn, ó sì fẹ́ kó àwọn àgbà àdúgbò àti ìdílé wọn lọ sórí omi ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sà. Mo fẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín, kí òun náà wo ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ronú kan òjò.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì láti jẹun, wọ́n sì pẹ́ lórí oúnjẹ. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Ni afẹ́fẹ́ bá dé, òjò tẹ̀ lé e. Bàbá Rísì yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òpó afárá. Àwọn ọmọdé ń ké. Bàbá náà dúró létí ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ ti òpó kí ọkọ̀ má bàa fọ́. Wọ́n kọjá òpó àkọ́kọ́. Òpó kejì há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.

Ọkọ̀ mìíràn ló wá wọ́ wọn dé èbúté. Kò sẹ́ni tó kú. Ìka mẹ́ta ni Bàbá Rísì pàdánù.

Omi ò tíì gbẹ lára wọn tí Kúnlé fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé bàbá náà ló gbàgbé láti sáájì bátìrì, pé ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Ó tún fi ọmọ rẹ̀ búra.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí pé kí n wá wo fíríìjì. Mo débẹ̀ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi tó wá yẹ ọkọ̀ wò. Mo tú wáyà náà kíákíá, mo so ó mọ́ bátìrì kejì. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo nǹkan ti wà bó ṣe yẹ.

Bàbá Rísì wá pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. "Ìyá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí mo bi yín nípa bátìrì yẹn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kúnlé náà ń wò mí.

Mo ní, "Mi ò rántí pé ẹ bi mí, Bàbá."

Kò bínú. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ sókè."

Wọ́n lé e kúrò létí omi. Ẹ wá wo Kúnlé. Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ ló ń bá a dúpẹ́ pé Ọlọ́run kó òun àtàwọn yọ. Wọ́n fi í jẹ alága. Ó ń darí oníbàárà sí mi, ó sì ń pè mí ní dókítà fíríìjì.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò kábàámọ̀ pé mo fẹ́ ṣe Kúnlé níbi. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ ni òpó yẹn há ni, ǹ bá máa sùn dáadáa. Mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán gangan, tí mò ń rò bí ǹ bá ṣe ṣe é kó lè kan òun nìkan. Ẹ̀mí èṣù ni, mo mọ̀. Àmọ́ ó wà nínú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rísì, ọmọ bàbá náà tó ń ránṣọ ní Yaba, wá bá mi. Ó ní bàbá òun ti bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì ti gbà. Ó ní òun lòun ń bá bàbá òun di bọ́tìnnì ẹ̀wù báyìí.

"Bàbá ní kí ẹ bá wọn wá, mà, bóyá ẹ máa rántí. Wọ́n ní kí n má fipá bẹ̀ yín. Wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ lè gbàgbé nǹkan."



Bí mo bá dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n máa bi mí pé kí ló dé tí mo ṣe é. Àfi kí n dárúkọ bàbá mi. Kúnlé á nà ró, á ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Bí bàbá ṣe rí lọmọ rí." Wọ́n á sì gbà á gbọ́, torí èmi ni mo jẹ̀bi lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n á tún orúkọ bàbá mi wọ́ nílẹ̀, èmi ni mo sì máa fà á. Ìyá mi ṣì wà láàyè, ó máa gbọ́.

Bí mi ò bá sì lọ, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Kúnlé?

Bàbá Rísì, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Lóòótọ́ lẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ ọ́ sókè dáadáa, mo sì gbọ́.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n sọ? Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n dárí ji Kúnlé, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mi ò bi yín nípa ìyẹn.