Oṣù Mélòó Ni?

Dúró! Níyì, mo ní kó o dúró ńbẹ̀! Má purọ́ fún mi pé ilé ìkàwé lò ń lọ, wọ́n ti tì í. Látìgbà tá a ti wọlé lẹ́yìn Kérésì, bó o bá ti rí mi báyìí, ẹ̀yìn ilé oúnjẹ lò ń gbà, àbí mo wá sin ọ́ lówó ni? Ọlọ́run ń gbọ́ o, bó o bá tún gbé ẹsẹ̀ kan, màá pariwo kí gbogbo yunifásítì yìí jáde wá wò wá. Ojú sáà ti tì mí tán, kí ló tún kù?

Ìyá àgbà yín kọ́ ló ṣe mí báyìí o. Ìwọ ni!

Ṣé mo bẹ̀ ọ́ pé kó o pọ̀n mí ni? Ibà gbé mi ṣubú ní kíláàsì, àwọn tó ń pe ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́ mi ń wò mí ràn-ùn, ìwọ ọmọ Ìgbájọ tá ò tíì bára wa ṣe ju ká kíra wa lọ, o bẹ̀rẹ̀, o gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó di ọsibítù. Láàárọ̀, o gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, lálẹ́, ò ń ka ìwé sí mi létí. Mi ò ní ará, mi ò ní ìyekan níbí, ìwọ ni mo ní. Ṣé kí n má wá sọ fún ìyá tó bí mi ni? Mo sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn!

Màmá mi náà ò sì ṣẹ̀. Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n ní a ó lọ dúpẹ́ nílé yín. Bàbá mi, díákónì tí kì í fẹnu kan ẹmu, ló gbé kèrègbè ẹmu lé itan nínú bọ́lẹ́kájà, láti Ìlá dé Ìgbájọ, wọ́n ní ará Ìlá kì í lọ kí èèyàn lọ́wọ́ òfo. Iṣu wà níbẹ̀. Obì wà níbẹ̀. Èmi náà wá wọ aṣọ òkè! Háà, Níyì, nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó rò ó kàn! Ẹrù ìdána la fọwọ́ ara wa rù lọ sílé ọkọ! Ilé ọmọbìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí ọmọ wọn ti fẹ́ra kù?

Màmá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí ọmọ yín ṣe fún ọmọ wa, ojú wa ti rí i, a ò sì lè dákẹ́." Yéè! Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ìyá àgbà yín wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Oṣù mélòó ni?" Bàbá mi rò pé àìsàn yẹn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Oṣù kẹta rèé, Màmá."

Oṣù kẹta! Látẹnu bàbá mi! Kí n tó mira, ìyá àgbà ti tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ òkè mi, wọ́n ń tẹ ikùn mi wò bí ẹni ń yan ọsàn, wọ́n ní kò tíì yọ, wọ́n ní ọkùnrin ni. Àwọn ìyàwó ilé yín ti bú sórin. Mo ní irọ́ ni, mo ní ẹ gbọ́ mi, ta ló dá mi lóhùn?

Ìgbà yẹn lo ti oko dé. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ẹni tó máa gbà mí ti dé. Wọ́n kí ọ, "Bàbá ọmọ, káàbọ̀!" O wo iṣu, o wo ẹmu, o wò mí. O sá! Níyì, o sọ àdá sílẹ̀, o sá padà sóko! Ìwọ tó o pọ̀n mí lójú gbogbo kíláàsì tójú ò tì ọ́! Ẹni tó bá sá, ṣé kì í ṣe òun láyé ń pè lẹ́lẹ́bi?

A padà dé Ìlá. Màmá mi, bí mo bá ń wẹ̀, wọ́n á wá dúró, wọ́n á máa wo ikùn mi. Ìyá mi, Níyì! Mo fi Bíbélì búra, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ò gbọ́. Ẹnu rẹ nìkan ló lè wẹ̀ mí mọ́, ìwọ náà ló wá ń sá fún mi kiri yìí.

Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè! O ti sọ fún ìyá àgbà? O sọ ọ́ títí, wọ́n ní gbogbo ọkùnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Kí lò ń fi pamọ́ sẹ́yìn yẹn? Gbé e wá. Gbé e wá, mo ní! Ìgò kí nìyí? Ta ló ní kó o fún mi? Àgbo? Àgbo kí ni?

Àgbo aboyún! Yéè, ẹ gbà mí o! Ohun tó ò ń tìtorí ẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé oúnjẹ nìyí? Wọ́n tún fi oyin sí i? Kó má baà korò lẹ́nu mi? Háà, ìyá àgbà... Má mú mi rẹ́rìn-ín, Níyì, mi ò tíì dárí jì ọ́! Mo ní má mú mi... Hà! Hà-hà! Ọlọ́run mi ò!

Ó dáa. Ní Sátidé, èmi pẹ̀lú ẹ, ó di Ìlá. Wàá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá mi, wàá fẹnu ara rẹ sọ ọ́, títí ojú wọn á fi gbọ́. O ò sì gbọdọ̀ mú nǹkankan dání o! Kì í ṣe iṣu, kì í ṣe obì, lọ́wọ́ òfo ni wàá dé ilé wa!

Ní báyìí ná, jókòó. Ṣí ìgò yẹn. Mu ún. Kí lò ń wò mí sí? Ṣé ìwọ kọ́ ni bàbá ọmọ ni?