Ẹ̀dà Tí Kò Ṣí, Ìdílé Méjì Tí Mo So Pọ̀

Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè dá gbé mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ mi tú àdéhùn ìgbéyàwó kan ká ní Moshie Zongo, àdúgbò kan ní Kumasi níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín fún ìmọ̀ràn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kumasi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ mi sọ́nà. Ràfíátù, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ló ṣe ìkànnì kan fún wa lórí sáfà Linux, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì náà ró, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń kọ ìran rẹ̀ sí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ ní gbogbo Jímọ̀, kó má bàa sọnù.

Ọmọ náà kìlọ̀ fún mi. "Bàbá Tíṣà, ẹ má kàn da fódà dátábéèsì, ibi tí gbogbo orúkọ wà, kọ. Àwọn èèyàn ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀dà yín máa fọ́. Àṣẹ tó ń kó o jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ sì dán ẹ̀dà náà wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bóyá ó ń ṣí."

Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní àdàkọ?" Ó rẹ́rìn-ín.

Fódà yẹn náà ni mo ń dà kọ. N kò dán ọ̀kankan wò rí.

Nígbà tí dísìkì sáfà bàjẹ́, Ràfíátù wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Accra. Nínú gbogbo ẹ̀dà tí mo ní, ọ̀kankan kò ṣí. Ojú gbà mí tì. Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má fòyà, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi dísìkì tuntun sí i, mo wá ń fi ìwé àtijọ́ tẹ orúkọ padà sínú ìkànnì. Níbi tí ìwé kò dé, mo méfò. Ìdílé méjì tí orúkọ baba ńlá wọn bára mu, mo so wọ́n mọ́ baba kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbèrò ibi.

Ràfíátù wá láti inú ọ̀kan nínú ìdílé méjèèjì yìí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá láti inú èkejì. Àwọn àgbà wo ìkànnì, wọ́n ní ẹbí ni wọ́n, a kì í sì í fẹ́ ẹbí ẹni.

Ràfíátù ti Accra wá bá mi nílé ní Santasi. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò jiyàn. Ó ní, "Tó bá ti wà nínú ẹ̀dà tẹ́ ẹ tọ́jú, mo gbà."

Mo ti yọ ìlà tó so ìdílé méjèèjì pọ̀ kúrò lórí ìkànnì láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ṣí i wò? Wọ́n ti gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a ní Accra ni, àbí kí n dìde níwájú ẹgbẹ́ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀? Èwo nínú méjèèjì ni yóò dá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ padà fún un?